Àwa Méjì

Bí o bá fẹ́ mọ bí ojú télọ̀ ṣe rí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí o bi. Télọ̀ tí à ń sọ yìí ti fi ogójì ọdún ránṣọ nínú yàrá kan náà, ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú fèrèsé, ibùsùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èéfín ṣe ń bo gíláàsì àtùpà. Kò sọ fún oníbàárà kankan. Ta ni yóò gbé aṣọ fún télọ̀ tí kò ríran? Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Láràárọ̀, kí ó tó gbé omi tíì kaná, obìnrin yìí á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, á ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ méjìlá, á sì gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré kan. Télọ̀ á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹlẹ́rìn-ín ló máa ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín, títí kan ojú ọkọ rẹ̀.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni ìyàwó máa ń wí. "Ìwọ ńkọ́? Ojú mi lo fi ń ránṣọ."

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ. Ọjọ́ kìíní, wọ́n ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, wọ́n ń ro iye tí ilé ìwòsàn yóò gbà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, kò sí ohun tí wọ́n ń rò mọ́. Wọn ò bímọ. Àwọn ẹbí wá, wọ́n sunkún, wọ́n jẹun, wọ́n padà sílé wọn, yàrá náà sì pa lọ́lọ́.

Télọ̀ kò gbé àga náà kúrò níbẹ̀. Ìborùn àwọ̀ ewé tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dà bo èjìká ṣì wà lẹ́yìn àga, bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Pẹ̀lú ojú tó ti ṣú yẹn, bí télọ̀ bá yíjú láti ibi ẹ̀rọ, ohun tí ó ń rí ni ẹnì kan tó tẹ orí ba, tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ti yí o. Ó mọ̀ pé aṣọ ni. Àmọ́ kò fọwọ́ kàn án, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀, ó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń tẹ ẹ̀rọ.

Káfíńtà òdìkejì títì ló wá di ẹni tó ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Gọ́ọ̀mù igi kì í tán lọ́wọ́ onítọ̀hún, gbogbo òwú a sì máa le gbagidi.

"Bàbá, èmi, ìṣó ni mo mọ̀ o," ni káfíńtà máa ń wí. "Ẹ máa fi abẹ́rẹ́ yìí ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni télọ̀ ń gbé wọn sọdá. Ó ń tijú láti gbé méjìlá wá.

Ó tó oṣù mọ́kànlá tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ kí rédíò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbé ètò ìlera tuntun dé. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n gba káàdì, ilé ìwòsàn kò ní máa béèrè owó gọbọi lọ́wọ́ wọn mọ́. Ní ti àwọn arúgbó, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò san án. Ohun rere ni. Ẹni tó bá ní kò dára, kí ó ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan kí ó wò ó. Àmọ́ ohun rere mọ bí a ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Télọ̀ gbọ́ ọ, ó pa rédíò náà, ó sì jókòó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó wá fìlà rẹ̀.

Lábẹ́ àtíbàbà kan níwájú ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ. Nígbà tó kan télọ̀, akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé, Bàbá?"

"Àwa méjì."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Síbẹ̀, ì bá ti tètè yí i padà, bí kò bá ṣe pé akọ̀wé ti béèrè orúkọ ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè é pátá, ti àbísọ àti ti bàbá rẹ̀, ó sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ṣé wọ́n wà nítòsí, kí n ya fọ́tò wọn?"

"Kò lè jáde báyìí."

"Kò burú. Wọ́n lè wá tẹ̀ka nígbà míì."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káàdì méjì dé. Fọ́tò wà lára tirẹ̀. Ti ìyàwó, àyè fọ́tò ṣófo. Ó fi ti ìyàwó sórí àga, lábẹ́ ìborùn. Òun gan-an ló yẹ kó ní in.

Ó wá mú tirẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tan iná sí i lójú, ọ̀tún, òsì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bàbá, awọ yìí ṣeé ṣí kúrò, ẹ ó sì ríran. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ mọ́. Bó bá kọjá oṣù méjì sí mẹ́ta, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ti òsì."

Ayọ̀ gbé télọ̀ dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màdáámú Káàdì ló wà níbẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó mi orí.

"Kò gbà, Bàbá. Ìdílé yín ò tíì pé. Màmá ò tíì tẹ̀ka, kọ̀ǹpútà ò sì ní jẹ́ kí n fọwọ́ sí nǹkan kan àfi tí gbogbo yín bá pé. Ẹ mú wọn wá lọ́la."

"Kò lè wá."

"Ara wọn ò yá ni? Ẹ má ṣèyọnu. A ní ẹ̀rọ tá a máa ń gbé lọ bá àwọn tí ò lè rìn nílé."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni télọ̀ wí. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò rántí pé àdírẹ́sì òun wà nínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ pé ìyàwó òun ti kú, wọ́n á ṣí ojú rẹ̀ fún un. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin obìnrin náà, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Àwọn ẹbí ló bá a sọ ọ́ fún gbogbo ayé, òun kàn ń mi orí ni. Ó dà bíi pé bí òun náà bá sọ ọ́, òun ló pa á. Torí náà, ó dákẹ́, awọ náà sì ń ki sí i. Lọ́jọ́ kan, ó rán ọwọ́ òsì aṣọ mọ́ apá ọ̀tún, kò sì mọ̀ títí oníbàárà fi wọ̀ ọ́ wò. Oníbàárà náà kò bú u. Ó kàn ká aṣọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, n óò gbé e lọ síbòmíì." Ì bá sàn kó bú u.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, láàárọ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Màdáámú Káàdì ni, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kékeré sínú àpò.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo ní kí n wá gba ìka Màmá nílé. Wọ́n dà?"

Ó wọlé kí télọ̀ tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó rí ìborùn lẹ́yìn àga, ó rí káàdì lábẹ́ rẹ̀, ó rí ife méjì lórí pẹpẹ. Bó ṣe ń gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó nawọ́ sí àga náà láti jókòó.

"Má jókòó síbẹ̀!" ni télọ̀ pariwo. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó sún sẹ́yìn. Ojú ti télọ̀. Nígbà náà ló sọ ọ́, láìfi "ó sùn" tàbí "ó ti lọ" bò ó.

"Ìyàwó mi ti kú."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Nígbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ọdún kan? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ orúkọ wọn sílẹ̀?"

"Wọ́n bi mí pé àwa mélòó. Ogójì ọdún, ọmọ mi. Mi ò tíì ka ẹyọ kan rí."

Màdáámú Káàdì jókòó sórí àpótí aṣọ. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ tẹ̀ka síbí, ká lè bá yín ṣe ojú yìí."

"Ṣé orúkọ ẹ̀ máa parẹ́?"

"Kò ní parẹ́. A máa kọ 'olóògbé' sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ní láti gba káàdì wọn padà."

Ó tẹ̀ka. Kò rí ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, obìnrin náà ló di àtàǹpàkò rẹ̀ mú. Ó wá yọ káàdì náà lábẹ́ ìborùn, ó fi ọwọ́ pa àyè fọ́tò tó ṣófo.

"Ì bá rẹ́rìn-ín níbí," ló wí, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ó ku ẹyọ kan. Ta ló máa mú yín délé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?"

Télọ̀ ronú títí. "Kọ káfíńtà."

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Òun ló ń bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́."

Obìnrin náà wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ̀lẹ́bí.

Wọ́n ṣí awọ náà, ojú ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, ti òsì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sì yọ bàǹdéèjì ọ̀tún títí wọ́n fi ṣe ti òsì tán. Káfíńtà mú un délé nígbà méjèèjì, ó ń ráhùn pé ìṣó òun ń dúró de òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ bàǹdéèjì méjèèjì, káfíńtà fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sáré padà sídìí iṣẹ́.

Télọ̀ kò tíì wo yàrá. Iwájú fèrèsé ló gbà lọ tààrà, ó mú abẹ́rẹ́ kan, ó gé òwú dúdú, ó fi itọ́ rọ́ ẹnu òwú náà. Ó rí ojú abẹ́rẹ́ náà kedere. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òwú wọlé.

"Ẹlẹ́rìn-ín!" ló ké, ó sì gbé e sókè, ó yíjú sí àga. "Ẹlẹ́rìn-ín, wò ó!"

Ojú rẹ̀ tuntun kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ìborùn ni. Òwú etí rẹ̀ ti tú, oòrùn fèrèsé ti pa á láwọ̀ dà lápá kan, eruku sì bo ìjókòó àga náà, àfi ibi kékeré onígun mẹ́rin tí káàdì wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó tẹ orí ba. Ó wò ó títí, bóyá ó lè tún rí i bó ṣe ń rí i, ó tilẹ̀ fún ojú pọ̀. Kò rí i. Òun nìkan ló wà nínú yàrá náà, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó sunkún, ó sì ń ríran bó ṣe ń sunkún. Nígbà tó tó, ó nu àga náà, ó ká ìborùn, ó sì jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fa tìmùtìmù mọ́ra, ó mú abẹ́rẹ́ kejì. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò gbà ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n méjìlá ló ti òwú bọ̀.