Iná Tí Mo Pa Tí Kò Kú

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí owó iná máa gòkè, gbogbo Glasgow ló ń ka nọ́ńbà mítà. Ẹni tí kò bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé iṣẹ́ iná lè ka iná àná mọ́ owó ọ̀la fún un. Nítorí náà, fóònù wọn ti kún láti àárọ̀. Orin tí wọ́n fi ń dá ẹni tó bá pè dúró ló ń dún sí mi létí nígbà tí mo ń gé kárọ́ọ̀tì.

Nọ́ńbà nìkan kọ́ ni mo ń pè fún. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n pe ohun tí wọ́n ń tà ní “Ìbàlẹ̀ Ọkàn Ọlọ́dún Méjì.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó rí ibi tí iye owó wà. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: tí mo bá gbà, wọ́n á so iye owó iná mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì, kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Tí mi ò bá gbà, iye náà á máa rìn bó ṣe fẹ́. Iye tí wọ́n fẹ́ so mọ́lẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí à ń san. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Shug, ọkọ mi, tó máa ń fi “adìẹ mi” kẹ́ mi, ti sọ tirẹ̀. “Ewúrẹ́ ti gun òrùlé tán, adìẹ mi, wọ́n wá ní ká so ó mọ́ ibẹ̀. Jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ná.”

“Tó bá ti orí òrùlé gun igi ńkọ́?”

“Màá ti kú nígbà yẹn.”

“Pa ẹnu rẹ dé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́.

Àyà rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Govan wa níbí, eruku ibẹ̀ ò sì tíì kúrò nínú rẹ̀. Tí òtútù bá mú un, ó di ilé ìwòsàn. Ó ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti Kérésìmesì. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó fọwọ́ kan ògiri yàrá wa, ó ní, “Ìyáàfin Cairney, ilé yìí gbọ́dọ̀ gbóná, àbí kó lọ síbi tó gbóná.”

Ibi tó gbóná ni Elgin, ọ̀dọ̀ Catriona ọmọ wa, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Catriona ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ni, nítorí ibi tó ṣẹ́ kù nílé rẹ̀ kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Shug á lọ, èmi á dúró. Ọdún mẹ́rìnlélógójì la ti jọ ń sùn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Tí mo bá so owó mọ́lẹ̀ ní iye yẹn, a ò ní lè san án ká tún máa tan hítà, Shug á lọ. Tí mi ò bá so ó, tó bá tún sáré gòkè, Shug á lọ. Mò ń wá èyí tí kò ní mú un lọ nínú méjèèjì.

Ohun tí kò yé mi ni pé a kì í tan nǹkan kan. Wọ́n ti gé gáàsì ilé wa lẹ́yìn tí páìpù jò, iná mànàmáná nìkan la ní. Hítà kan là ń tàn, wákàtí méjì lójúmọ́. Kóòtù la fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń pa nǹkan ni owó ń gòkè. Mo pa fíríìsà, ó gòkè. Ní oṣù kejì, mo sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shug nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sí ẹnikẹ́ni nílé, owó oṣù yẹn ló sì ga jù. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ yẹ fíríìjì mi wò.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Effie Mulgrew sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀. Òkè orí wa ló ń gbé. A jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ni. Òun ti so owó tirẹ̀ mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, nígbà tó ṣì rọ̀, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Yìnyín ń jábọ́ níta, ẹ̀wù aláìlápá ló wà lọ́rùn rẹ̀.

“O ò tíì fọwọ́ sí i? Ìwọ tí o fi oṣù mẹ́ta yan kápẹ́ẹ̀tì títí ṣọ́ọ̀bù náà fi kógbá sílé!”

“Effie, mò ń ronú.”

“Ẹni tó ń ronú ni òtútù ń pa. Ẹ̀yin méjèèjì ń fi iná ṣòfò ni. Wọ ẹ̀wù òtútù kún un.”

“Mo ti wọ mẹ́ta.”

“Wọ ìkẹrin.” Ó gbé ọbẹ̀ sílẹ̀. “Ó dáa, gbọ́. Nǹkan kan ń jẹ iná rẹ. Pa gbogbo ilé, kí o lọ wo mítà. Tó bá ṣì ń ka, wáyà rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Ó padà sókè lọ wo kéèkì tó wà nínú ààrò. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì we Shug, mo pa súwíìsì ńlá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilé dákẹ́, fíríìjì pàápàá dákẹ́. Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti pẹ́ńsùlù, mo sọ̀ kalẹ̀, orin ilé iṣẹ́ iná ṣì ń dún nínú àpò mi.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mítà gbogbo wa wà. Èyí tí wọ́n fi gègé dúdú kọ 1/2 sí ni tèmi. Iná pupa kékeré wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú bí iná bá ń lọ.

Ó ń ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí ọṣẹ wọ̀ lójú.

Mo tún gòkè. Súwíìsì ti kú. Shug ní, “Kí ló dé?” Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣì ń ṣẹ́jú. Mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 2/1, ti Effie. Iná tirẹ̀ dúró gbagidi, kò ṣẹ́jú rárá.

Effie tó ń yan kéèkì. Effie tí hítà rẹ̀ wà ní títàn.

“Effie!” Mo pariwo sókè àtẹ̀gùn. “Pa súwíìsì ńlá rẹ!”

“Kéèkì mi wà nínú ààrò!”

“Pa á!”

Mo gbọ́ tó ń ráhùn. Mo gbọ́ súwíìsì náà. Iná pupa tó wà lára mítà mi kú lójú mi.

Ní Glasgow, àjà la máa ń kọ ṣáájú ilẹ̀kùn. Èmi ni 1/2, àjà kìíní, ilẹ̀kùn kejì. Effie ni 2/1, àjà kejì, ilẹ̀kùn kìíní. Ọmọ ọdún márùn-ún níbí pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó wá pààrọ̀ mítà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò mọ̀ ọ́n, tàbí ó yá a lára láti lọ jẹun. Ó kọ ọ́ sódì: ó kọ nọ́ńbà mi sára mítà Effie, ó kọ ti Effie sára tèmi.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí Effie dé, mo nawọ́ sí mítà. Mo ní kí Shug tan súwíìsì wa. Èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà Effie sí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ó wò ó títí. “Rárá,” ni ó wí. “Rárá o, Netta.”

“Iná rẹ ni mò ń san.”

“Èmi sì ń san tìẹ.” Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Oṣù kejì. Pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n bù fún mi. Mo rò pé owó tí mo so mọ́lẹ̀ ló ń ṣe mí lóore. Mo lọ ra hítà kún un.”

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Bí mo bá pa iná tèmi, owó Effie ń sọ̀ kalẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á tan sí i. Bó bá tan sí i, owó tèmi á gòkè. Èmi á tún pa sí i. Bí a ṣe ṣe é láti oṣù kọkànlá nìyẹn, àwa méjèèjì, tí a sì jọ ń mu tíì lójoojúmọ́.

Mi ò ní purọ́, ó wù mí kí n gbá a létí. Kò sì ṣẹ̀ mí ní ohunkóhun.

“Ìgbà tí wọ́n gbé Shug lọ ní oṣù kìíní,” ó ní, “ojú fèrèsé ni mo wà. Mo dúró síbẹ̀ láìwọ kóòtù. Ooru ń mú mi.”

“Mo mọ̀. Mo rí ọ.”

Shug ti yọ orí sókè àtẹ̀gùn pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Mo sọ fún un.

“Ọbẹ̀ tó ń gbé wá fún mi yẹn ńkọ́?”

“Owó iná wa ló fi ń sè é.”

“Abájọ tó fi dùn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Orin tó wà nínú àpò mi dúró, ọmọbìnrin kan ní, “Ẹ kú sùúrù, màámà. Ṣé ti Ìbàlẹ̀ Ọkàn ni?”

“Ọmọ, mítà tí ẹ ń bu owó rẹ̀ fún mi, ti ẹni tó ń gbé lókè orí mi ni.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Mo pa tèmi, kò kú. Ó pa tirẹ̀, tèmi kú.”

Ọmọ náà gbàgbé ohùn iṣẹ́ tó fi ń sọ̀rọ̀. “Yéè! Mi ò gbọ́ irú eléyìí rí.” Ó lọ béèrè, ó padà. Wọ́n á rán ẹnìkan wá wò ó. Ó lè tó oṣù keje. Títí dìgbà yẹn, wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Iye tí Effie ti so mọ́lẹ̀ wà lórí mítà tó ń gbé iná wá sílé wa, ibẹ̀ ló sì máa wà. “Àmọ́ èyí tó wà lórúkọ yín, màámà, ṣé kí n so ó mọ́lẹ̀? Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá.”

Mo na fóònù sí Effie. “Ilé rẹ ni.”

Ojú rẹ̀ funfun. “Kí ni kí n ṣe?”

“Mi ò mọ̀.”

“O ti ń rò ó láti ọ̀sẹ̀ méjì!”

“Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò mọ̀. Ìwọ ní ìṣẹ́jú méjìlá.”

“Netta, má ṣe mí báyìí. Tó bá gòkè ńkọ́? Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti so ó ńkọ́?”

“Ẹni tó ń ronú,” mo ní, “kí lo ní ó ń pa á?”

Ó jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn tútù yẹn. Ó gbá apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ó wo Shug lókè, ó wo mítà. “Má so ó,” ó ní. “Mo ní hítà mẹ́rin. Màá lọ pa mẹ́ta. Ìwé owó iná tó bá dé lórúkọ rẹ, gbé e wá fún mi. Èyí tó bá dé lórúkọ mi, tìẹ ni.”

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé rárá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gòkè, mo tan hítà yàrá, mo tan ti pálọ̀. Mo tẹ súwíìsì wọn bí ẹni tó ń jalè. Ní aago mẹ́fà, Catriona pè láti béèrè ìgbà tí kóun wá gbé bàbá òun.

“Kò lọ síbi kankan,” mo ní.

“Ẹ ti so owó mọ́lẹ̀?”

“Ó ti wà ní síso láti oṣù kẹsàn-án. A ò mọ̀ ni.”

Ó ní ṣé ara mi yá. Mo ní màá pè é padà.

Shug na ẹsẹ̀ síwájú hítà. Ó pẹ́ tí kò húkọ́. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí mi.

“Adìẹ mi, bá mi ṣí fèrèsé díẹ̀. Ooru ń mú mi.”

Mo dìde dúró láàárín pálọ̀. Ọ̀rọ̀ Effie gan-an ló ti ẹnu rẹ̀ jáde; mo fi fèrèsé sílẹ̀, mo lọ pa hítà yàrá.