Omi Tí Abẹ́rẹ́ Fi Kún Ìwọ̀n

Abẹ́rẹ́ mu omi títí ó fi dákú lórí àga tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, torí pé ó fẹ́ wúwo tó ẹni tí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fún un lórúkọ náà ní kékeré, ó ní ọmọ yìí tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi òwú sí i létí kó fi rán ṣòkòtò. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ó ń jẹun bí àgbẹ̀, kò sanra. Ó bímọ méjì, kò sanra. Ọgbà tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń wọn irin. Àwọn tó ń kó irin wá tà máa ń ní kó má dúró ti òṣùwọ̀n jù, kí wọ́n má baà ṣèèṣì rà á mọ́ ẹrù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, páìpù ńlá kan wà níwájú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ń já ẹrù sílẹ̀, irin yẹ̀ lórí ọkọ̀, ó sì fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri. Abẹ́rẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sáré jáde. Kò dágbére fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jẹ́ obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpópónà, Abẹ́rẹ́ kì í sì fẹ́ràn kó máa bẹ̀ ẹ́ fún ohunkóhun.

Ní ilé ìwòsàn, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti funfun bí eérú, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́.

"Abẹ́rẹ́, ta lo fi ṣọ́ irin?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sinmi."

Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé ẹsẹ̀ náà kò tíì kú. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ìsàlẹ̀ ló já, àwọn lè rán an pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà nù kò sì kéré, èyí tó wà nípamọ́ kò tó. Ó ní kí mọ̀lẹ́bí wá fún un lẹ́jẹ̀.

Mọ̀lẹ́bí wo? Ìyá wọn kú nígbà tí Abẹ́rẹ́ kò tíì lè dá wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé e síwájú ọkọ̀, tó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, tó ń fi ọwọ́ kejì bọ́ ọ. Nígbà tí ibà mú un, inú ọkọ̀ náà ló dùbúlẹ̀ sí, tí ẹ̀gbọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti dúró.

Abẹ́rẹ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí wọ́n tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ní kó gun òṣùwọ̀n ná. Ó wo nọ́ńbà, ó mi orí. Kílò márùn-ún ló kù kó pé.

Abẹ́rẹ́ ní òun máa ń gbé irin tí ọkùnrin ń sá fún. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára, bí àwọn bá fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó fúyẹ́ tó yẹn, yóò ṣubú. Ó bi í bóyá kò sí ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ ní kò sí. Ọ̀gá wà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ó ti sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ni yóò wọ ara Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ti àjèjì.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà ní ìparí rẹ̀, ife oníke so mọ́ ọn. Ó dúró, ó ń wò ó.

Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ bí Abẹ́rẹ́. Wọ́n ń rọ yanrìn sínú íńjìnnì. Wọ́n ń rọ omi sínú páìpù, wọn a fi amọ̀ dí i lẹ́nu, wọn a fi ojú tútù gbé e wá. Lítà omi kan, kílò kan. Ó máa ń fi òòlù gbá páìpù náà, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ dà á sílẹ̀ ná, omi wà nínú rẹ̀." Nọ́ọ̀sì kò lè fi òòlù gbá èèyàn.

Àwọn ife àkọ́kọ́ dùn, torí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ le bí bọ́ọ̀lù. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó tún mu. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kò lọ tọ̀, nítorí èyí tó bá tọ̀ ti kúrò nínú ìwọ̀n. Ìyá àgbà kan tó ń nu ilẹ̀ fi ọwọ́ ti ìdí, ó ń wò ó.

"Ìyàwó, kí lo jẹ tí òùngbẹ fi ń gbẹ ọ́ báyìí?"

"Oòrùn ni, Mà."

"Máa mu ún. Omi ò lọ́tàá."

Èébì gbé e, díẹ̀ jáde. Ó mu òmíràn dípò rẹ̀. Orí ti ń fọ́ ọ. Ó rò pé àìjẹun ni.

Nígbà tó padà gun òṣùwọ̀n, ó pé, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà, ó wo ojú rẹ̀, ó bi í pé kí ló jẹ. Ó ní òun lọ jẹun dáadáa ni. Bóyá nọ́ọ̀sì ì bá tún bi í ní nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ránṣẹ́ láti yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì pé àwọn ṣì ń dúró de ẹ̀jẹ̀. Ó ní kó jókòó. Ó bi í pé apá wo ni kí òun gbà á.

Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó ní, "Ẹ dà á sílẹ̀ ná. Omi wà nínú rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú Abẹ́rẹ́ yí sókè, eyín rẹ̀ pa pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nígbà tó lajú, oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ dírípù sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá jókòó tì í, àga náà kò gbà á tán, òwú funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá kò pariwo. "Ẹran ara mi tó báyìí," ó ní, "o ò rí mi pè? Fóònù rẹ ni nọ́ọ̀sì fi pè mí."

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wo dírípù, ó sọ fún un pé omi iyọ̀ ni àwọn ń fi sí i lára. Ó ní omi tó mu ti pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín lè yọ jáde láàárín àkókò kékeré bẹ́ẹ̀, ó ti bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì ti ń wú. Díẹ̀ ló kù kó kú. Ojú nọ́ọ̀sì náà pọ́n, ó ti sunkún.

"Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì jáde. Ọ̀gá ló wá sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ó ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ gbà kọjá, ìfófòó wà lẹ́nu rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní òun kò ní sùn títí òun ó fi gbọ́ ohùn àbúrò òun. Dókítà bẹ̀ ẹ́, dókítà jágbe mọ́ ọn, ó ní ẹsẹ̀ náà kò ní dúró. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá náà dé, ó sì wà nílẹ̀ lásán.

"Kí ni Bọ̀ọ̀dá sọ?"

"Ó ní bí kò bá lè dúró, kó máa lọ. Ó ní òun dúró."

Wọ́n ní láti gbé bẹ́ẹ̀dì Bọ̀ọ̀dá wá sí ẹ̀gbẹ́ ti Abẹ́rẹ́. Ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ ìbora fún gbogbo ọ̀sán. Ọ̀sán ti lọ jìnnà kí Abẹ́rẹ́ tó kérora, tó pe Bọ̀ọ̀dá lẹ́ẹ̀kan láìlajú. Ìgbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá tó gbà kí wọ́n gbé òun lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Abẹ́rẹ́ kò rántí pé òun pe ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti gbé Bọ̀ọ̀dá dé, ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọ̀gá dìde, ó fa aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ̀ọ̀dá ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ó ṣe máa ń là nígbà tó bá sùn nínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ fi ojú tẹ̀ lé aṣọ ìbora láti àyà rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé aṣọ sókè. Ní apá òsì, láti orúnkún lọ, aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹsẹ̀ òsì ni. Èyí tí awakọ̀ akẹ́rù fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó lè yí jíà.