Tábìlì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Tábìlì náà há sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, méjì wà nínú yàrá, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì dì í mú, wọ́n ń làágùn bí ẹni tó ń fa màlúù.

"Ẹ fẹ̀gbẹ́ gbé e," ni Káfíńtà wí. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ gbé e, kò kọjá. Ó ní kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, kò kọjá náà. Awakọ̀ tó ń gbé ilé kejì wá dábàá pé kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà wò ó bí ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ èèyàn. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára tábìlì náà. Ó gbẹ́ ihò sí igi kan, ó gbẹ́ ahọ́n sí èkejì, ó ki ahọ́n bọ ihò, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ra báyẹn kò ṣeé tú mọ́, àfi kéèyàn mú ayùn.

Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ Káfíńtà láti kékeré, ló rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rẹ́ òun ti ń wọn ẹnu ọ̀nà kiri ilé onílé, kò rántí wọn ti ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ló sọ. Òjò ló fà á. Àtíbàbà tí Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé ń jò, ojúlówó pákó tó fi ọdún méjì tọ́jú kò sì gbọdọ̀ rí omi. Ló bá wọ yàrá ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ wà nílé ìwé, ó kan tábìlì náà síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó bẹ́ẹ̀dì. Dúrọ́ọ̀ mẹ́fà ló ní. Inú Káfíńtà ń dùn nídìí iṣẹ́ náà débi pé kò bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin tó kàn án fún wà nínú yàrá lásìkò yìí, lẹ́yìn tábìlì, kò rọ́nà jáde. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Ọdún kẹta rèé, nínú márùn-ún. Agbẹjọ́rò àgbà kan tí Káfíńtà ṣe pẹpẹ ìwé fún ló sọ pé yàrá kan ṣófo ní ọ́fíìsì òun, kí ọmọ náà máa wá jókòó níbẹ̀ nígbà ìsinmi, kó máa fojú kọ́ṣẹ́. Káfíńtà ní ọmọ òun kò ní jókòó nídìí tábìlì àyálò láéláé.

"Tó bá jẹ́ pé dandan ni kó jáde," ni Bíríkìlà wí, "ògiri ló máa bì sẹ́yìn fún un. Mo máa yọ férémù, mo máa wó ògiri díẹ̀ lápá ọ̀tún. Tó bá jáde tán, mo máa mọ ọ́n padà."

Káfíńtà kò tilẹ̀ ronú sí i. "Lọ́la," ló wí. "Aago méje àárọ̀."

Wọ́n ti tábìlì padà sínú yàrá, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́yà fìdí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Nínú báàgì rẹ̀, lábẹ́ aṣọ, ìwé kan wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin tó ti délé. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kúrò nílé ìwé ni, àyè kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún òbí láti fọwọ́ sí. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ọdún kẹrin, ọ̀rọ̀ á sì di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń wá ìgbà tó dáa láti mú un jáde. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìyá rẹ̀ ti mọ̀. Ó rí ìwé náà nígbà tó ń wá aṣọ ìdọ̀tí nínú báàgì ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó kà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yé e, ó sì dá a padà sábẹ́ aṣọ. Ìyá yìí ń fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù. Bó bá sì délé, aṣọ tilé náà ń dúró dè é. Ibi tó ti ń fún aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọmọ ti lọ bá a, tí ìyá fi sọ fún un láìwojú rẹ̀ pé òun ti rí ohun tó gbé pamọ́.

"Ọdún méjì ló kù," ni ìyá wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí lára aṣọ. Ṣé o rò pé mò ń gbádùn ẹ̀ ni? Parí ẹ̀kọ́ yẹn, gbé ìwé ẹ̀rí ẹ̀ fún bàbá ẹ, kó o wá lọ síbi tó wù ẹ́."

"Màámi, tí mo bá parí ẹ̀, ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ síbi tó wù mí."

"Ta ló wà níbi tó wù ú?" Ìyá gbọn aṣọ kan, ó sá a. "Ṣùgbọ́n tó o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́ kí wọ́n tó wó ògiri mi."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìdí tí Káfíńtà fi ní òfin lọmọ òun máa kọ́. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá rí, lójú títì, ó sì lo ọdún méjìlá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, onílé mú ìwé tuntun wá, ó ní àdéhùn àtijọ́ náà ni, wọ́n kàn tún un tẹ̀ ni. Káfíńtà kò mọ̀wé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín iṣẹ́, ó padà sídìí ìfági rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀ síta. Agbẹjọ́rò onílé fi ìwé hàn án, ó na ìka sí ibi tó tẹ̀. Ayùn ti la àtàǹpàkò Káfíńtà nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ilà àpá náà sì hàn gbangba lórí ìwé. Kò lè sọ pé òun kọ́.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Lọ́yà lọ bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fági. Ó kúnlẹ̀. Káfíńtà rò pé ó wá dúpẹ́ tábìlì ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó ògiri lọ́la. Mo fẹ́ kúrò nílé ìwé."

Ìfági dúró lórí pákó. "Wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá o."

"O fìdí rẹmi?"

"Rárá, bàámi."

"O lóyún?"

"Rárá."

Ìdí mẹ́ta tí Káfíńtà mọ̀ tó ń mú ọmọ kúrò nílé ìwé nìyẹn, wọ́n sì ti tán. Ó fìdí lé orí ìtì igi, ó ní kó máa wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní nínú ọdún yìí, olùkọ́ wọn mú ìwé àdéhùn kan wá sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣẹ́ tó dára. Ó ka gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n wo bó ti mọ́ tó, bí kò ti sí ihò kankan tí ayálégbé lè gbà yọ. Lọ́yà ní gbólóhùn tó lé bàbá òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni. Òun dá a mọ̀, nítorí òun lòun ka ìwé yẹn fún bàbá òun nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Olùkọ́ ní kí kálukú lọ kọ irú rẹ̀ wá.

"Tèmi ló dára jù, bàámi. Wọ́n kà á fún gbogbo kíláàsì."

Káfíńtà gbójú sókè wò ó. "Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ní kó o lọ kọ́ ọ. Kó o lè mọ ibi tí ihò rẹ̀ wà."

"Kò níhò. Èmi ni mo dí i."

Ọmọ náà ì bá dúró níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tóun bá fi mọ síbẹ̀, ìdajì òtítọ́ lòun sọ. Ó ní kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ó ní iṣẹ́ náà kò wu òun, láti ọdún kìíní ni kò ti wu òun, pé tóun bá jí láàárọ̀, ọkàn òun á ti bàjẹ́ kóun tó lajú.

"Kò wù ẹ́." Káfíńtà tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan kíkorò wò. "Ta ló bi mí bóyá pákó wù mí? Kí ló wá wù ẹ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, èyí ló dun Káfíńtà jù. Ká ní ó dárúkọ iṣẹ́ kan, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, bàbá ì bá rí ohun tí wọ́n á jọ jiyàn lé lórí. Ó ní òun kò rí ẹni tó wó ilé rẹ̀ rí kó tó mọ ibi tó máa sùn. Ó gbé ìfági, ó tún un gbé kalẹ̀.

"Tó o bá kúrò níbẹ̀, ta ló máa bá irú wa kàwé?"

Títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ kò tíì rí èsì rẹ̀.

Káfíńtà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá sì gbé oúnjẹ rẹ̀ padà. Nínú yàrá, ọmọ náà fa dúrọ́ọ̀ kan lára tábìlì. Ó yọ́ jáde wẹ́rẹ́, kò há, kò dún. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò ní àbùkù, ìyẹn gan-an ló bí i nínú, ó wá bú sẹ́kún. Ó mú ìwé náà jáde, ó fẹ́ fà á ya. Ọdún méjì péré. Lẹ́yìn náà ó wo ìdí tábìlì níbi tí àga máa wà, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó ń kọ ìwé tí kò níhò fún onílé, torí onílé ló lówó tí yóò fi pè é níṣẹ́. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó lè nà.

Ní aago méje àárọ̀, Bíríkìlà dé pẹ̀lú òòlù ńlá àti irin ìwógiri. Ó bá Káfíńtà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Kí ó tó kí i tán, ọmọ náà jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé àti bíró fún un. Ó ní ibi tí òbí máa tẹ̀ wà nísàlẹ̀.

"Kà á fún mi," ni Káfíńtà wí.

"Bàámi, ohun tí mo sọ lánàá náà ni."

"Mo ní kó o kà á. Gbogbo ẹ̀. Mi ò tẹ ìwé tí wọn ò kà fún mi mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Ó ka orúkọ rẹ̀, ó ka ọdún tó wà, ó ka pé kò sẹ́ni tó fipá mú un. Bíríkìlà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kóun wọlé tàbí kóun padà. Nígbà tí ọmọ náà dé ibi tí wọ́n kọ wínníwínní nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kúrò kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àyè rẹ̀ padà.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Ó tún un kà.

"Ṣé ihò wà níbẹ̀ téèyàn lè gbà wọlé padà?"

Ó wò ó dáadáa, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti máa wò ó. "Kò sí, bàámi."

"Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n kọ." Káfíńtà gba bíró, ó fi kun àtàǹpàkò rẹ̀ títí ó fi dúdú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ilà àpá náà hàn gbangba láàárín rẹ̀. Ọmọ náà ti rò pé ara máa tu òun tó bá di ibí yìí. Kò tù ú.

Bíríkìlà béèrè ọ̀rọ̀ ògiri. Káfíńtà ní kó máa lọ, ògiri ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó mú ayùn lórí ìṣó tó gbé e kọ́ sí, ó wọ yàrá, ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fi rúlà fa ilà kan la àárín tábìlì náà já. Ó na ayùn sí ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí tábìlì wà níbẹ̀, òun á máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni wàá gé e," ni bàbá wí. "Ẹni tó bá máa gé nǹkan dànù, kó gé e tààrà." Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ayùn ń yà kúrò lójú ilà, ó ń fà á padà. Lẹ́yìnkùlé, ìyá dáwọ́ aṣọ fífún dúró.

"Má tẹ̀ ẹ́ jù," ni ohùn Káfíńtà wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ayùn mọ iṣẹ́ ẹ̀."

Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ayùn sì ń lọ. Ó gé e títí ó fi ku díẹ̀, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìdajì kejì ń wọlẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé tí igi bá ku díẹ̀ báyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ìkángun rẹ̀ mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fà ya, apá méjèèjì á sì bàjẹ́. Kò pe bàbá rẹ̀. Kò mọ ẹnu tóun máa fi pè é.

Káfíńtà wọlé láìwojú rẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìkángun náà, ó gbé e sókè díẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ àmì dúdú sára igi.

"Máa gé e lọ," ó wí.

Ó ń gé e lọ.