Bọ́ọ̀sì Alájà Tó Ń Kọrin Kérésì

Ẹnu Alájà Sàdíátù kì í ṣe ẹnu tí ènìyàn ń fi àṣírí pamọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn obìnrin tó ń bá a po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì rẹ̀ ní Kinkinau, nílùú Kaduna, pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ń pín ìlẹ̀kùn ẹnu fún aráyé, ẹ̀yìn àwọn tó ń gba ìdí ni òun tò sí. Nígbà tí òun fi máa gba ti ènìyàn méjì tán, ìlẹ̀kùn ẹnu ti tán nílẹ̀. Yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí ọ̀hún, ẹ̀rín á sì gba ilé ààrò kan.

Bọ́ọ̀sì funfun kan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ògbó ni, kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí ló ń ṣí i, àmọ́ òun ló ń gbé búrẹ́dì lọ sí Gonin Gora, sí Barakallahu àti sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń retí Ìyá Búrẹ́dì ní ìdájí. Alájà fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Bí bọ́ọ̀sì yẹn bá lọ, iná ààrò kú nìyẹn, àwọn obìnrin mẹ́jọ tó ń po ìyẹ̀fun á ká aṣọ wọn, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1994 tí à ń wí yìí, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, olè sì ti gbé ọkọ̀ mẹ́ta lọ ládùúgbò kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ni Alájà bá kọjá sí òdìkejì títì, ó lọ bá Bádéjọ, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń tún rédíò ṣe.

"Bádéjọ, ìwọ tó ò ń mú rédíò tó ti kú sọ̀rọ̀, ṣé o ò lè mú bọ́ọ̀sì mi náà sọ̀rọ̀ ni? Bí wọ́n bá jí i gbé, kó máa ké pè mí."

Bádéjọ họ orí. "Màmá, kò lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó lè kọrin."

Káàdì Kérésì kan wà nílé Alájà, irú èyí tó máa ń kọrin téèyàn bá ti ṣí i. Matilda ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló fún un. Bádéjọ yọ nǹkan bíńtín tó ń kọrin nínú káàdì náà, ó fi òjé jó o mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tú ohùn sáfẹ́fẹ́, ó sì ní bátìrì ọkọ̀ ni yóò máa bọ́ ọ. Téèyàn bá ti yí rédíò dé ìpẹ̀kun, níbi tí iléeṣẹ́ kankan kì í ti í sọ̀rọ̀, orin yẹn lá máa gbọ́, bí ọkọ̀ náà ò bá ti jìnnà ju ìdajì máìlì lọ.

"Èmi Alájà tí mo ti dé Mẹ́kà!" Alájà pariwo. "Bọ́ọ̀sì mi á wá máa kọrin Kérésì?"

"Káàdì tó ń kọrin Iléyá ò tíì dé ọjà, Màmá."

Nígbà tó parí iṣẹ́, ó gbé ìjókòó awakọ̀ sókè, ó fi àpótí dúdú kékeré kan hàn án, wáyà kan ló yọ níbẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni? Èmi? Ẹnu mi ti di sàréè."

Sàréè ọ̀hún ò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi ya. Ó sọ fún Matilda. Ó sọ nípàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé nígbà tí Yísà, ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Kaduna, tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà, bi í pé ṣé òótọ́ ni ohun tí òun ń gbọ́, Alájà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé ìjókòó sókè tìdítìdí.

"Wò ó dáadáa, Yísà. Olè tó bá gbé bọ́ọ̀sì yìí, wàhálà ló gbé."

"Kai! Alájà," Yísà ń mi orí, "ẹ gbọ́n ju òyìnbó lọ."

Orí Alájà wú bí ìyẹ̀fun tó mu ìwúkàrà yó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó kó ogójì búrẹ́dì sẹ́yìn bọ́ọ̀sì láti fi ṣe sàárà lẹ́yìn ìrun, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ayé ló forí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sálámà tán tí Alájà jáde, ilẹ̀ gbígbẹ tí epo kán sí ló bá níbi tó gbé ọkọ̀ sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Inú gọ́tà ni ojú rẹ̀ bá nǹkan kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Àpótí dúdú kékeré ni. Wọ́n ti gé wáyà rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Alájà Sàdíátù máa la ẹnu tí ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Ọlọ́kadà kan gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Bádéjọ. Ó gbé àpótí lé orí tábìlì.

"Bádéjọ, wọ́n ti gbé e. Ẹnu mi ló gbé e fún wọn. Èmi ni mo gbé ìjókòó sókè fún gbogbo ayé."

Bádéjọ fa àpótí náà mọ́ra. Ó mú irin tó fi ń tú rédíò, ó ṣí àpótí náà níwájú rẹ̀. Èékù ọṣẹ kan àti òkúta wẹ́wẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀.

Alájà wo ọṣẹ, ó wo Bádéjọ. "Kí nìyí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo mọ ẹnu yín. Ti tòótọ́ wà níbòmíràn nínú ọkọ̀."

Alájà mú èékù ọṣẹ náà, ó yí i wò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn Alájà, tí rédíò tó wà lórí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Ìwọ ọmọ yìí! O fi ọṣẹ tan ìyá rẹ jẹ! Ọlọ́run á tan ìwọ náà, á tàn ọ́ wọ inú ọlà!" Ó fi ìborùn nu ojú. "Ó yá, gbé rédíò. Kí la tún ń dúró ṣe?"

"Ìdajì máìlì ni o, Màmá. Kaduna sì tóbi. Ibo la fẹ́ kọjú sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ẹnu Alájà padà síbi tó máa ń wà. "Kò lè gba Gonin Gora. Àwọn ọlọ́pàá tó ń dúró lójú ọ̀nà Àbújá yẹn, búrẹ́dì mi ni wọ́n fi ń mu tíì láràárọ̀. Bí wọ́n bá rí orí ẹlòmíràn nídìí sítíárìn, wọ́n á béèrè mi. Ẹni tó mọ ibi tí àpótí wà mọ ìyẹn náà. Ọ̀nà Zaria ló gbà. Kò sì ní kọjá Barakallahu."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Géèjì epo mi, òpùrọ́ ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti ra ọkọ̀ yẹn ló ti ń sọ pé tánkì kún. Olè á wò ó, inú rẹ̀ á dùn. Epo tó kù níbẹ̀ ò tó fi fọ ojú ológbò."

Alùpùpù Fẹ́sípà ni Bádéjọ ń gùn. Nígbà tí Alájà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, táyà ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, iwájú sì fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá Bádéjọ mọ́ra níkùn, ó fi èkejì di rédíò mú sétí. Ní Kawo, àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì rí wọn, wọ́n hó.

"Hajiya amarya!" Ìyàwó tuntun ni wọ́n ń pè é.

"Kò sírọ́ níbẹ̀!" Alájà dá wọn lóhùn. "Ọkọ mi kékeré rèé, ó ń gbé mi lọ ilé!"

"Màmá, ẹ dákun," Bádéjọ bẹ̀ ẹ́, "ìjọ wa wà nítòsí ibí."

Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni Bádéjọ ti ń pa ẹ́ńjìnì, nítorí ariwo Fẹ́sípà ń wọ inú rédíò. Wọ́n dúró nígbà àkọ́kọ́, ṣíṣí-ṣíṣí bí ẹni ń dín àkàrà ni wọ́n gbọ́. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kejì, ṣíṣí-ṣíṣí náà ni. "Yóò kọrin," ni Alájà ń wí. "Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì yẹn ọdún mẹ́sàn-án. Kì í dójú tì mí." Nígbà tí wọ́n wọ Barakallahu tí wọ́n tún pa ẹ́ńjìnì, ohùn kan tín-ín-rín jáde bíi ti ẹ̀fọn tó lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Òun nìyẹn!" Alájà fò sílẹ̀, Fẹ́sípà sì fò sókè.

Bádéjọ gba rédíò, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Orin náà lọ sókè, ó wálẹ̀, ó kú pátápátá. Ó na ọwọ́ sí ibi tí imú rédíò, ìyẹn ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, kọjú sí. "Ọ̀hún ló wà."

"Ibi tó ti kú? Ṣé kì í ṣe ibi tó ti ń pariwo?"

"Rédíò yìí, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbọ́, Màmá. Tí imú rẹ̀ bá ti na nǹkan, ó dití sí i."

"Háà, ọkọ mi olóògbé nìyẹn gan-an."

Wọ́n tẹ̀lé imú rédíò gba ẹ̀yìn ilé kan, wọ́n gba àárín oko ọkà tí wọ́n ti kórè, wọ́n dé ilé àkọ́ọ̀kọ́tán kan tí wọ́n fi ẹní koríko tí wọ́n ń pè ní zana yí ká. Orin náà ti wá ń dún bí ẹni wà nínú rédíò gan-an. Alájà fi èjìká ti zana wọlé.

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló rí. Ẹ̀gbẹ́ kan funfun, ẹ̀gbẹ́ kejì ti di búlúù, ọ̀dà ń ro tótó. Nọ́ńbà mìíràn ló wà níwájú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo kan wà nílẹ̀, Yísà sì dúró tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Alájà!" Búrọ́ọ̀ṣì bọ́. "Ẹ... ẹ káàbọ̀. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá kí bọ́ọ̀sì mi. Mo gbọ́ pé epo tán lára rẹ̀."

Yísà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó rí i pé Bádéjọ nìkan ló tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ le. "Bọ́ọ̀sì wo? Zaria ni mo ti rà á lánàá. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe èèyàn lólè."

Ohùn Alájà kì í ṣe ohùn tó ń dá wà. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ará àdúgbò ti kún ibẹ̀, wọ́n sì ti pe Mai Unguwa, baálé àdúgbò náà, bàbá àgbà kan tó ń ka tẹ̀sùbáà bọ̀. Yísà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ fún un lédè Hausa, ó ń búra. Mai Unguwa gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí Alájà.

"Hajiya, ó ní nọ́ńbà. Kí ni ẹ̀rí tìrẹ?"

"Ranka ya daɗe," Alájà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, "ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ́rìí fúnra rẹ̀."

Bádéjọ gbé rédíò lé orí bónẹ́ẹ̀tì ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan kí gbogbo ènìyàn gbọ́ orin náà. Lẹ́yìn náà ó gbé e fún Mai Unguwa, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó yọ orí bátìrì. Orin kú. Ó dá a padà. Orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn kígbe "Kai!" Mai Unguwa kò gbà. Ó fún ẹnìkan ní rédíò mú, ó ká apá bàbáńrìgá rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ orí bátìrì. Ó dákẹ́. Ó dá a padà. Ó kọrin. Inú bàbá náà dùn débi pé ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

"Irọ́ ni!" Yísà ló pariwo. "Mo ti yọ àpótí yẹn! Inú gọ́tà ni mo jù ú sí!"

Gbogbo agbo yíjú sí i. Yísà alára gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," Alájà wí. "Àrùn tó ń ṣe mí ló ń ṣe ọ́. Ọṣẹ lo jù sí gọ́tà."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti ń wá igi. Alájà fi ìdí dínà fún wọn, ààyè ìkọjá ò sì sí. "Ẹ má lù ú. Ẹ dì í mú de ọlọ́pàá, ó tó bẹ́ẹ̀." Mai Unguwa fọwọ́ sí i, ó rán ènìyàn lọ sí tésàn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Alájà.

"Hajiya, ohun kan ló kù tí kò yé mi. Ṣé mọ́tò rẹ ti di onígbàgbọ́ ni?"

"Ranka ya daɗe, ẹni tó ń rì sódò kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni tó na igi sí i."

Ogójì búrẹ́dì wà lẹ́yìn ọkọ̀ síbẹ̀, Yísà ò tíì fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni Alájà ti ṣe sàárà Jímọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látorí Mai Unguwa. Nígbà tí ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tán tí wọ́n mú Yísà lọ, Alájà da epo inú kẹ́ẹ̀gì náà sínú tánkì láìku ẹ̀kán. "Yísà ò ṣàì ṣe mí lóore," ló wí. "Ìlú kò ní epo, ó bá mi wá a."

Wọ́n gbé Fẹ́sípà sẹ́yìn, Alájà jókòó sídìí sítíárìn. Nígbà tí wọ́n kọjá Kawo, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bádéjọ, ibo ló wà gan-an?"

Bádéjọ la ẹnu. Kí ó tó mí, Alájà ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, bọ́ọ̀sì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kòtò.

"Má sọ ọ́! O ò ní làákàyè ni? Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà tuntun kan wá ra búrẹ́dì, ó sì béèrè ìdí tí bọ́ọ̀sì náà fi ní àwọ̀ méjì. Alájà rọra wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pè é mọ́ra, ó sì gbé ìjókòó awakọ̀ sókè. Àpótí dúdú ti padà síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà tuntun.

"Wò ó dáadáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n o, má sọ fún ẹnikẹ́ni."