Omi Wàláà Lórí Mọ́tò Tuntun

Mọ́tò tuntun ni Tàíbátù rà o, kì í ṣe tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti jókòó sí títí tó fi sú u. Inú kọ́ńpìnnì gan-an ló ti wà á jáde, ọ̀rá ṣì wà lára àga. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ohunkóhun, pé wárántì wà: bí ọ̀dà bá bó, bí irin bá dípẹtà, kó gbé e padà wá, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlérí ọlọ́jà!

Lọ́jọ́ tó lọ gbé e, bàbá rẹ̀ bá a lọ. Àlùfáà Mísbáù ni bàbá yìí, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní àdúgbò Mamobi ní Accra láti ìgbà tí Tàíbátù ti wà ní ìkókó. Ó rọ omi wàláà sínú búútà wá, omi tó fi fọ ẹsẹ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéú sí. Irú rẹ̀ làwọn ìyá Mamobi máa ń gbà fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ó wọ́n ọn sórí mọ́tò, ó ṣàdúrà, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì ń ṣe àmín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Nígbà tó yá, wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sẹ́nu géètì wọn, ràgàjì: bàbá pẹ̀lú búútà, gbogbo eyín níta. Inú bàbá dùn débi pé ó máa ń bẹ dírẹ́bà ọkọ̀ akérò trotro kó rọra tí wọ́n bá ń kọjá níbẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìléròrò. Bónẹ́ẹ̀tì wú, ọ̀dà bó, irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Àgbékẹ́, tí ìsọ̀ tirẹ̀ àti ti Tàíbátù kọjú síra ní ọjà Okaishie, kò jẹ́ kó simi.

“Tàíbátù, ìwọ tó ń ta ìpara fún gbogbo Accra! O ò ṣe bu díẹ̀ fi pa mọ́tò ẹ lára?”

Gbogbo ìsọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Tàíbátù náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn.

Ó gbé mọ́tò padà sí kọ́ńpìnnì. Kí ni wọn ò sọ tán? Lónìí, atẹ́gùn òkun ni. Lọ́la, ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ti lọ Kumasi. Ẹni tó lọ Kumasi ti dé, kò ráyè. Ei! Wárántì tó dùn létí lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó ti di ohun tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọlọ́run ló máa bá wọn ṣẹjọ́. Ojú ti Tàíbátù débi pé ó ń fi aṣọ bo bónẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án gangan.

Lọ́jọ́ kan, máníjà nawọ́ sí fọ́tò ẹnu géètì. “Màdáámù, kí ló wà nínú búútà yẹn? Ohun tí bàbá yín dà sí i ló jẹ ọ̀dà, wárántì ò sì kan ìyẹn. Ẹ mú bàbá wá. Tí ẹ bá gbà pé àfọwọ́fà yín ni, kì í ṣe ẹ̀bi wa, a óò ṣàánú yín, a óò kùn ún.”

Àlùfáà Mísbáù wá, ó wọ agbádá funfun.

“Omi lásán ni, pẹ̀lú tàdáà tí a fi ń kọ̀wé,” ó ní. “Ọmọ ìkókó ń mu ún. Èmi náà ń mu ún. Ṣé irin ló wá máa jẹ?”

Máníjà ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. “Màdáámù, kí lẹ wí?”

Tàíbátù mọ òtítọ́. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi náà kò kàn rárá ti ń wú, ó sì ti fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rántí ẹ̀rín Àgbékẹ́, ó rántí aṣọ tó fi ń bo mọ́tò.

“Omi bàbá ló bà á jẹ́, sà,” ló sọ. “Ẹ má bínú. Wọ́n ti dàgbà.”

Háà, Tàíbátù! Bàbá tó bí ọ! Àlùfáà wò ó. Ó dìde, ó ká apá agbádá rẹ̀, ó lọ wọ trotro.

Wọ́n kun mọ́tò, ó ń dán. Wọ́n yọ fọ́tò bàbá kúrò lẹ́nu géètì. Àgbékẹ́ pa ẹnu mọ́, Tàíbátù sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé inú bàbá á rọ̀ tó bá yá. Kò mọ̀ pé ọmọ Mamobi ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ mọ́tò ní kọ́ńpìnnì, ó sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

Òjò ọdún kejì kò tíì dá tí ọ̀dà tuntun náà fi wú, níbi tó ti wú tẹ́lẹ̀ gan-an, ó sì tún ràn dé òrùlé. Kò sẹ́ni tó da omi wàláà sí i lọ́tẹ̀ yìí. Tàíbátù kò lọ sí kọ́ńpìnnì mọ́. Mamobi ló wà á lọ tààrà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ wá wò ó. Kì í ṣe omi yín. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹ dárí jì mí.”

Bàbá kò jáde lọ wo mọ́tò. Ó jókòó sórí ẹní, wàláà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi rẹ̀ wà nínú àwo. Tẹ́lẹ̀, irú àsìkò yìí làwọn ìyá máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Tàíbátù wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan.

“Àwọn ìyá ọmọ dà, Bàbá?”

“Wọn kì í wá mọ́. Wọ́n ní omi tó ń jẹ irin, kí ni kò ní fi ìfun ọmọ ṣe?” Ó gbé àwo sẹ́nu, ó mu díẹ̀. “Èmi nìkan ni mò ń mu ún.”

Tàíbátù na ọwọ́ méjèèjì, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ fún mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mu.”

Bàbá gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀.

“Fi í sílẹ̀,” ó ní. “Ìwọ lo sọ pé ó ń ba nǹkan jẹ́.”