Ògiri Tó Fẹ́ Gba Orí Bàbá Kọjá

"Ta ló ní kó o ta okùn sórí bàbá mi?"

Ohùn Alhaji Zakariyah ti wọ àgbàlá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ayọ̀fẹ́ bíríkìlà, tó ń fa okùn láti ògiri ẹ̀yìn bọ̀ níwájú ilé, jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú. Okùn náà ti gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá, ó sì ti dábùú sàréè Bàbá, pẹpẹ sìmẹ́ńtì gbọọrọ tó wà níwájú ilé. Orí pẹpẹ yìí ni Alhaji àti Frederick àbúrò rẹ̀ máa ń jókòó sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa mu gàrí, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn jà nítorí Nàìjíríà. Wàyí o, búlọ́ọ̀kù wà ní ẹnu géètì, wọ́n tò ó gègèrè.

"Èmi ni mo ní kó ta á, Ẹ̀gbọ́n," ni Frederick wí. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń mu tíì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tíṣà àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í pariwo. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin lẹ yí mi lọ́kàn padà. Mo ti gbà pẹ̀lú yín pé kí kálukú máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Ẹ wá wo Alhaji bó ṣe la ẹnu sílẹ̀! Ìdí oníwèé-ìròyìn ní Ìjàsí ló ti ń bọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wàásù fún àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pé Nàìjíríà ti tóbi jù, pé kí wọ́n pín in kí oníkálukú gbá ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé báwo ni wọ́n ṣe máa pín in, á na ìka sókè.

"Ìdí-igi!" ló máa ń wí. "Bí wọ́n ṣe ń pín ogún nílé wa náà ni. Iye ìyá tó bímọ fún bàbá, iye ìpín nìyẹn. Ẹ má ka orí fún mi o! Ẹni tó bí mẹ́wàá àti ẹni tó bí ẹyọ kan, ọgbọọgba ni wọ́n."

Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Òun náà á ṣí fìlà, á máa fi fẹ́ ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò.

Ohun tí baba yìí gbàgbé ni pé ìyàwó méjì ni bàbá tiwọn náà fẹ́. Ìyá Zakariyah bí márùn-ún. Ìyá Frederick, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí Frederick nìkan ṣoṣo.

"Ìdí-igi méjì ló wà nílé yìí," ni Frederick wí. "Apá kan jẹ́ tiyín, apá kan jẹ́ tèmi. Kànga bọ́ sọ́dọ̀ mi. Ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ yín."

"Kànga kẹ̀?" Ràmọ́tà, ìyàwó Alhaji, yọ láti ilé ìdáná pẹ̀lú ewùrà tó ń rin fún ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. "Bàbá Abdulbasit, ṣé ẹ gbọ́? Ó ní kànga o!"

"Mo gbọ́! Ṣé adití ni mí ni?" Alhaji yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Fẹ́dírìkì, kò jọ ọ́. Márùn-ún làwa, ìwọ nìkan ni tìẹ. Orí-ò-jorí ni ká fi pín in, kí ẹni kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀!"

Frederick rọra gbé ife tíì sílẹ̀. "Orí-ò-jorí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí Ayọ̀fẹ́ lè gbọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ní Ìjàsí pé ẹni tó bá ní ká lo orí-ò-jorí, olè ni?"

Ràmọ́tà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yára fi ìborùn bo ẹnu.

"Fi Ìjàsí sílẹ̀!" Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá. "Ọmọ bàbá kan náà ni wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá pín ilé yìí, àwọn ará ìta á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ohun tó ń bí wa nínú tí a ò lè jókòó sọ..."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há a lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí Frederick máa ń sọ nípa Nàìjíríà ló ń sọ yẹn, láìyọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ń pè ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì.

Ayọ̀fẹ́ wúkọ́. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá mi. Ògiri yìí máa gba ìbàdí Bàbá kọjá ni. Orí ń lọ sọ́dọ̀ Tíṣà, ẹsẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Alhaji. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ?"

"Ẹsẹ̀!" Alhaji fò sókè. "Èmi àkọ́bí Bàbá, ẹsẹ̀ ló kàn mí?"

"Ẹ gba orí," ni Frederick wí, "kí ẹ fún mi ní ilé ìyàgbẹ́."

"Súbúhánàláhì! Ilé ìyàgbẹ́ lo fẹ́ fi pààrọ̀ orí bàbá ẹ?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ràmọ́tà, kò rí i pa mọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí sàréè, níbi tí okùn gbà kọjá gan-an, ó ń wo búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Bí ògiri yìí bá dúró, ta ni yóò máa bá a jà ní ìrọ̀lẹ́? Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà ní Èkó, ọdún Iléyá nìkan ni wọ́n ń wálé. Frederick nìkan ló ní.

"Fẹ́dírìkì," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Kí ni mo ṣe ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu Frederick.

"Rédíò yín! Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ lẹ ti gbé e sójú fèrèsé mi. Mo sọ fún yín títí, ẹ ní ilé kan náà là ń gbé, kí n fara dà á. Àgbò yín jẹ ẹ̀fọ́ ìyàwó mi dé gbòǹgbò. Mo sọ, ẹ ní ká má jẹ́ kí ẹran lásánlàsàn yà wá. Bí àlejò bá sì dé, ẹ ó ní, 'Fẹ́dírìkì ń gbé lọ́dọ̀ wa.' Lọ́dọ̀ yín kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Ilé bàbá tèmi náà ni!"

Ojú ti Alhaji. Ohun tó ń bí òun gan-an nínú sí Nàìjíríà nìyẹn: kí nǹkan máa dun èèyàn, kí wọ́n ní kó fara dà á nítorí ìṣọ̀kan. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé lójú ọmọ bàbá òun, òun náà ti di Nàìjíríà.

Àgbò ọ̀hún kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Ó gba ẹ̀yìn Ràmọ́tà yọ, ó ki ẹnu bọ inú ewùrà tí wọ́n rin sílẹ̀. Ràmọ́tà figbe ta.

Alhaji dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn náà fúnra rẹ̀. "Ayọ̀fẹ́, ṣé búlọ́ọ̀kù yẹn á tó kọ́lé fún àgbò?"

"Á tó, Alhaji. Á tún ṣẹ́kù."

"Ó yá, kọ́ ọ sí ẹ̀yìnkùlé, kó jìnnà sí ẹ̀fọ́ ìyàwó Tíṣà. Ràmọ́tà, bá mi gbé rédíò yẹn wọ yàrá tèmi."

Frederick bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó lọ di orí kejì okùn náà mú kó má baà ta kókó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ilé àgbò tán, àlejò kan láti Ayépé bá wọn lórí sàréè níbi tí wọ́n ti ń mu gàrí. Ó bi Alhaji pé ta lẹni tó jókòó tì í.

"Àbúrò mi ni," ni Alhaji wí. "Àwa méjèèjì la nilé."

Frederick tẹ orí ba, ó ń ro gàrí tí kò nílò ríro. Nígbà tí àlejò lọ tán, Alhaji nu ẹnu. "Ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà ọ̀hún, mo ṣì ní kí wọ́n pín in."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ìdí-igi!"

Ni àgbò bá ké láti ẹ̀yìnkùlé, ó ké, kò dákẹ́.

"Ẹ lọ dá a lóhùn," ni Frederick wí. "Òun nìkan ló gba òmìnira nílé yìí, ebi sì ti ń pa á."

Alhaji kó èèpo iṣu sínú abọ́, ó dìde. "Ebi ń pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lé e kiri mọ́."

Frederick ronú sí i títí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yí kọ́nà ilé. Ó fa omi tútù nínú kànga, ó bù ú sínú gàrí Alhaji kó tó padà dé.