Ọkọ̀ Oúnjẹ Láàárín Ìràwọ̀

Ní ọjọ́ tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ aya mi jọ lò kẹ́yìn kí ó tó kú, ó gbé ẹ̀bà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi, níbi tí mo ti ń to ọkọ̀ òfuurufú fún géèmù ogun. Ó wò wọ́n, ó ní, "Bàbá Fọlá, ta ni yóò bọ́ gbogbo ọmọ ogun wọ̀nyí?"

Ní àárọ̀ òní, mo lálàá pé a jọ wà nínú ilé ìdáná wa. Kò ní òrùlé mọ́, ìràwọ̀ ló kún òkè. Mo ti kan ọkọ̀ amí tó kéré bí ṣíbí, tó ń sáré bí mànàmáná, mo sì ti kan ọkọ̀ ogun tó ga ju ilé wa lọ. Ọ̀tá ń bọ̀, ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ ogun wa, wọn kò lè yìnbọn. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìkòkò ńlá kalẹ̀, ó di ọkọ̀ akóúnjẹ. Mo yára da gààrí sí i.

"Ẹ dúró, ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà," ó ń rẹ́rìn-ín. "Omi gbígbóná ló ń ṣáájú. Àbí ẹ̀bà oníkókó lẹ fẹ́ fi bọ́ wọn?"

Mo kó gààrí kúrò, mo da omi sí i, gààrí tẹ̀lé e. Ọkọ̀ náà wú, ó gbéra, ooru ń tú nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun na abọ́ jáde lójú fèrèsé. Inú mi dùn débi pé mo ń sáré lórí afẹ́fẹ́. Àbẹ̀kẹ́ na ọmọrogùn sí mi, ó ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín."

Mo nawọ́ gbà á, mo jí.

Mo gbé omi kaná, mo dúró tì í títí ó fi hó, mo wá fi tẹ ẹ̀bà. Kókó kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀bà náà. Mo jẹ ẹ́ tán.